Iṣẹ́ ìwádìí fún onímọ̀-ẹ̀rọ ní yunifásítì: ṣé dandan ni oyè ọ̀mọ̀wé?

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníìkà ni mo kà jáde, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ìwádìí ló wù mí ṣe, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí ń lo agbára oòrùn láti mú kòkó àti ẹ̀gẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n oyè ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ìpolówó iṣẹ́ yunifásítì tí mo rí ń béèrè. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà?

Ará Sámọ́ńdà:
Àbúrò, ìpolówó olùkọ́ni ni o ń kà. Ipò Graduate Assistant wà, tí wọ́n ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ tó dára sí, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò máa kàwé síwájú, àmọ́ àyè rẹ̀ kì í sábà ṣí. Ipò technologist náà wà, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó sì ń darí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ìwádìí. Àwọn kan ń fojú kéré iṣẹ́ yìí, èyí tí n kò fara mọ́ rárá, nítorí pé láìsí i, ẹ̀rọ olówó ńlá á kàn jókòó sínú eruku ni. Èyí tó wù kí o yàn, tètè bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, nítorí òun ni òfin fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ.

Ìyá Olùwádìí:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mẹ́nu ba ọ̀nà tó yá jù. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá gba owó ìrànwọ́ ìwádìí, yálà lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tàbí lọ́wọ́ àjọ ilẹ̀ òkèèrè, ó máa ń wá ọ̀dọ́ tí yóò kan ẹ̀rọ, tí yóò wọn ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n, tí yóò sì kọ àbájáde sílẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé inú ìwé ìròyìn. Ka àpilẹ̀kọ àwọn olùkọ́ tí iṣẹ́ wọn bá tìrẹ mu, kí o sì kọ̀wé sí wọn, kí o sọ ohun tí o lè ṣe ní pàtó: ṣé o mọ MATLAB tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, ṣé o lè jó irin, ṣé o lè ya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó kàn sọ pé ẹnì kan ń wá iṣẹ́ kì í sábà rí èsì. Béèrè ìgbà tí owó náà yóò tán, torí ọjọ́ tó bá tán ni iṣẹ́ ń parí.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà:
Kí ló dé tí ẹ gbàgbé àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí? IITA tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, CRIN tó ń rí sí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, NIHORT tó ń rí sí èso àti ẹ̀fọ́ sì wà ní Ìdí-Iṣin. Bó bá jẹ́ èmi, CRIN ni mo máa kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá, ṣé mo lè máa kàwé másítà lẹ́nu iṣẹ́ owó ìrànwọ́?

Ìyá Olùwádìí:
Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọ̀gá náà bá gbà kí apá kan nínú ìwádìí ọ̀hún jẹ́ iṣẹ́ másítà rẹ. Kí ẹ kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.