Ọjọ́ tí "bàbá mi" fẹ́ já ẹjọ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí mo kọ́ kí n tó di lọ́yà ṣe gbà mí ní kóòtù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kọ́kọ́ kà ní Yunifásítì Ìbàdàn kí n tó padà lọ ka òfin. Inú agboolé ni mo ti ṣe ìwádìí mi, mò ń jókòó ti àwọn àgbà, mò ń kọ ìtàn ìdílé wọn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ kóòtù ni mo ti ń kọ́ yẹn.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Láti 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti là á sílẹ̀ pé ọ̀nà márùn-ún lèèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìyẹn ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa bí ìdílé ṣe kọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, wà lára wọn.

Bàbá arúgbó kan ni ẹlẹ́rìí wa. Wọn ò mọ ọjọ́ ìbí wọn, ṣùgbọ́n ìyá wọn sọ fún wọn pé ọdún tí Baálẹ̀ Ìbàdàn di Olúbàdàn ni wọ́n bí wọn. Mo kọ 1936 sínú ìwé ẹ̀rí wọn. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni mo ti ṣe àṣìṣe: "Bàbá mi ló gba ilẹ̀ náà, nígbà ogun Kírìjì." Etí Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ, ó yé mi, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di bàbá tó bí wọn lọ́mọ.

Lọ́yà ìhà kejì rí i. Ogun tó parí ní 1893! Ẹni tó ti tó gba ilẹ̀ nígbà náà ló wá bí yín ní 1936? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá àwọn ni. Ó tún un bi wọ́n, wọ́n tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni adájọ́, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ló ń kọ sílẹ̀. Àyà mi já.

Àǹfààní kan ló kù fún mi, kí n bi ẹlẹ́rìí mi léèrè lórí ohun tó díjú nìkan, láìfi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn àgbà inú agboolé ló sọ sí mi lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bàbá yín tó gba ilẹ̀ yìí, ta ni wọ́n bí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Wọ́n na ìka. "Wọ́n bí Bàbá Àgbà tí a sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Àgbà ló bí ẹni tó bí mi."

Adájọ́ ní kí ògbufọ̀ tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹn nìkan kò fún wa nílẹ̀. Ìhà kejì ní ìtàn tiwọn, bí ìtàn méjì bá sì ta kora, ìlànà ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ti 1957 ni pé kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ yìí. A mú àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé Bàbá lórí ilẹ̀ náà wá jẹ́rìí. Ìdájọ́ gbè wá, ṣùgbọ́n Bàbá ti kú kó tó dé.

Bí àgbà bá ti ní "bàbá mi" níwájú mi báyìí, mo máa ń fa pépà yọ, a ó jọ kọ ọ́: ta ló bí ta, ibo ni wọ́n sin ín sí.