Ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí ìwé òkú Ani?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin rí àwòrán kan lórí fóònù mi, kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ọkàn òkú wà lápá kan òṣùwọ̀n, ìyẹ́ ẹyẹ wà lápá kejì. Ẹranko olórí ọ̀nì, aláyà kìnnìún, onídìí erinmi, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ọkàn bá wúwo jù, ó di jíjẹ nìyẹn! Inú ìwé òkú Ani ló ti wá, ìyẹn ìwé ọfọ̀ tí wọ́n sin mọ́ Ani, akọ̀wé ará Íjíbítì àtijọ́, kó lè ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú. Budge, òṣìṣẹ́ British Museum (ilé ìṣẹ̀ǹbáyé) ní Lọ́ńdọ̀nù, ló rà á fún wọn lọ́dún 1888, wọ́n sì gé e sí ọ̀nà 37 (ìyẹn dùn mí o).

Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba páípírọ́ọ̀sì (ìwé tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe) jẹ́, wọn kì í sábà gbé e síta. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pàtẹ rẹ̀? Kí sì ni kí n sọ fún ọmọ tó ní, “Mọ́mì, ta ló ń kà á fún un nínú sàréè?”