“Atọpinpin” kò lè tó wọn: orúkọ fún ẹ̀rọ ara ẹyẹ òkun

Orúkọ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sára ẹyẹ òkun kí wọ́n lè mọ ibi tó rìn dé: ẹ̀rọ atọpinpin, àmì oníbátìrì, àti òrùka oníná. Pé èyí tó kẹ́yìn kò bá a mu kò gba àríyànjiyàn. Òrùka ni irin tó ní nọ́ńbà lára tí wọ́n ń fi sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kò sì ní bátìrì. Lóòótọ́, ẹ̀rọ mìíràn máa ń gun òrùka ike, àmọ́ ẹni tó gun ẹṣin kì í ṣe ẹṣin. Àmì ní tiẹ̀, ohun tí a fi ojú rí tí a sì fi dá nǹkan mọ̀ ni. Ẹni tó bá rí ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn ẹyẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

Atọpinpin ló ṣòro láti bá jà, torí ó dùn létí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo ẹyẹ bó ṣe ń fò. Irú ẹ̀rọ mẹ́ta ló sì wà. Fún ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Fún èyí tó kéré jù nínú wọn, irọ́ gbuu ni.

Èyí tó kéré jù yẹn kì í bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, aago wà nínú rẹ̀, ó sì ń tọ́jú ohun tó wọ̀n. Gígùn ojúmọmọ ló ń sọ bí ẹyẹ ṣe jìnnà tó sí àríwá tàbí gúúsù. Àkókò tí ọ̀sángangan bọ́ sí ló ń sọ ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Bí aago náà bá fi ìṣẹ́jú 4 péré yẹ̀, ibi tí wọ́n máa ṣírò lè fi nǹkan bíi kìlómítà 111 yẹ̀ ní agbedeméjì ayé. Ní ìparí oṣù kẹta àti ìparí oṣù kẹsàn-án, kò ṣeé fi mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù, torí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Bí ẹyẹ bá sì ká ẹsẹ̀ tí wọ́n so ó mọ́ sábẹ́ ìyẹ́ láàárọ̀, ẹ̀rọ á kọ ọ́ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹyẹ, wọ́n máa ń gbé e sí gbangba fún ọjọ́ mélòó kan, níbi tí wọ́n mọ̀ dájú, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ lè tó nǹkan bíi kìlómítà 200.

Bí wọn ò bá tún ẹyẹ náà mú, òfo ni. Irú rẹ̀ tó wọn gíráàmù 1.4 ni wọ́n so mọ́ àwọn Arctic tern, ẹyẹ òkun kékeré kan, ní Greenland àti Iceland. 11 ni wọ́n rí mú padà. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2010: ẹyẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 100 lọ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 70,900 lọ́dún, láti àríwá títí dé etí Antarctica, kó tó padà sílé. Ta ló tọpinpin ta ni níbẹ̀? Ẹyẹ lọ, ẹyẹ bọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí wọ́n fi bọ́ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aṣọ́ìmọ́lẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀, ni mo dá lábàá fún irú èyí. Ẹ má pa ì yẹn jẹ o. Bó bá di aṣọ́mọ́lẹ̀, etí á gbọ́ mọ́lẹ̀ ti “tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀”.

Ìkejì ni èyí tó ń ránṣẹ́ sí Argos, àwọn sátẹ́láìtì tó ń gba irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun gan-an kò mọ ibi tó wà. Ó kàn ń ké ni. Bí igbe náà ṣe ń yí padà bí sátẹ́láìtì ṣe ń sún mọ́ ọn tó sì ń kọjá lọ ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tó ti ké. Àwọn olùwádìí méjì, Jouventin àti Weimerskirch, lò ó lọ́dún 1989 fún wandering albatross, ẹyẹ òkun ńlá kan, ní erékùṣù Crozet ní gúúsù Òkun Íńdíà. Gíráàmù 180 ni ẹ̀rọ náà, ẹyẹ ńlá nìkan ló lè gbé e. Wọ́n rí i pé akọ kan lè rin kìlómítà 3,600 sí 15,000 lọ wá oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń sàba. Akésókè ni kí a pè é.

Ìkẹta, ti GPS, mọ ibi tó wà, kì í sábà fi ju mítà díẹ̀ yẹ̀. Àwọn kan fẹ́ akọpòsílẹ̀. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò kí ẹ kà á: ẹni tó fi ipò sílẹ̀ ni. Akọbisílẹ̀ náà kò sàn jù: ẹni tó kọ ìwà ibi sílẹ̀ ni, orúkọ ajíhìnrere nìyẹn. Amọ̀bùdó ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ibi tí èèyàn tẹ̀dó sí ni ibùdó, àmọ́ ibi tí ẹyẹ wà ní ìṣẹ́jú yẹn ló ń kọ, kì í ṣe ọ̀nà tó gbà. Bí a bá ní kó máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bátìrì á tètè kú; bí ẹyẹ bá bẹ́ wọ inú omi, kò ní rí sátẹ́láìtì kankan; bí omi iyọ̀ bá sì ráyè wọ inú rọ́bà tí wọ́n fi dì í, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ṣe pàtàkì. “So” ni ti ẹsẹ̀. Ti ẹ̀yìn, “lẹ̀” ni: wọ́n á gbé ìyẹ́ díẹ̀ sókè, wọ́n á ki téèpù sábẹ́ rẹ̀ kí ojú tó ń lẹ̀ kọjú sókè, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé ìyẹ́ náà, wọ́n á wá ká etí téèpù bò ó. Ẹ̀rọ àti téèpù lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 ìwúwo ẹyẹ. Fún ẹyẹ gíráàmù 400, gíráàmù 12 nìyẹn, téèpù ni wọ́n sì máa ń gbàgbé láti wọ̀n. Ohun tí wọ́n so lè wà lẹ́sẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n lẹ̀ á bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí nígbà tí ìyẹ́ bá ń bọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “wọ́n so amọ̀bùdó mọ́ ọn lẹ́yìn” á mú kí òǹkàwé máa retí àkọsílẹ̀ ọdún kan lọ́wọ́ téèpù tí kò ní lo oṣù méjì.