Ìkòkò àmàlà mi ló ń sọ iye epo rọ̀bì fún mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iye epo rọ̀bì ṣe ń kan èmi tí mò ń ta àmàlà. 2004 ni àǹtí mi mú mi kúrò l'Ógbòmọ̀ṣọ́ wá sí Pitakwa (Port Harcourt), àmàlà là ń tà ní Trans-Amadi níbi tí àwọn kọ́ńpìnnì tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ pọ̀ sí. Hmm, owó ń rìn nígbà yẹn o! Tó bá ti di ọ̀sán báyìí, wẹ́dà, dẹ́rẹ́bà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti offshore, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun, dé, gbogbo wọn á rọ́ wọlé tàwọn ti coverall lọ́rùn, ẹlòmíì á jẹun tán kò ní dúró gba ṣéńjì.

Èmi ò ka ìwé ìròyìn kankan, ìkòkò ni mo fi ń mọ bí epo ṣe ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ 2014 tí àgbá kan ṣì ju 100 dọ́là lọ, kọ́ńgò èlùbọ́ mẹ́wàá là ń ro lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2016 tó já wálẹ̀ sábẹ́ 30, kọ́ńgò mẹ́ta, ó tún máa ń ṣẹ́kù. Àwọn kọ́ńpìnnì yẹn ní káwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ jókòó sílé ná, àwọn á pè wọ́n. Ìwé àwìn mi ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní, búrọ̀dá kan jẹ mí ní 18,500, wẹ́dà tọ́wọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá ni o, ọjọ́ tí mo máa tún fojú kàn án, takisí ló ń wà ní Garrison. Ó gbé mi dé Mile 3, kò gbowó, èmi náà ò bèèrè tèmi.

Ìparí 2016 ni sọ́ọ̀tì, ìdọ̀tí dúdú inú èéfín, wá dé. Ẹ fi tíṣù nu imú, dúdú kirikiri! Mo sá búláòsì funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà bí aṣọ mẹkáníìkì. Kpo-fire ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ń se epo jíjí nínú igbó, tí sójà bá tún ká wọn mọ́ wọ́n á dáná sun ún, èéfín lórí èéfín. Bẹ́ẹ̀ ilé ìfọpo wà l'Élémè níbí láti 1965 o. Oṣù kọkànlá 2024 wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́ padà, oṣù karùn-ún 2025 wọ́n tún tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe.

Àwọn ọmọ yunifásítì àtàwọn oní-POS ló ń jẹ àmàlà mi báyìí. Wọ́n á ní kí n bu ti ẹgbẹ̀rún kan, kí n má fi ẹran sí i.