Mefibóṣẹ́tì kọ́ ni wọ́n sọ ọmọ Jònátánì

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan ní "atú-ìtìjú-ká" ni ìtumọ̀ Mefibóṣẹ́tì, orúkọ ọmọ Jònátánì tó jẹ́ ọmọ Ọba Sọ́ọ̀lù, ó tún ní orúkọ àmútọ̀runwá ni torí pé ọmọ náà yarọ, ẹ má bínú o, mi ò gbà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹ̀ tó fi yarọ, ó wà nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 4, ṣé wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ látọjọ́ yẹn ni? Ẹ wá ṣí Kíróníkà Kìíní 8:34, ọmọ Jònátánì kan náà ni, àmọ́ Meribu-Báálì ni wọ́n pè é.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Iṣibóṣẹ́tì ọmọ Sọ́ọ̀lù, Eṣibáálì ló ń jẹ́ ní Kíróníkà. Gídíónì tí wọ́n ń pè ní Jerubáálì nínú ìwé Onídàájọ́, ẹ wo Sámúẹ́lì Kejì 11:21 lédè Hébérù, ó ti di Jerubéṣétì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ sí Gíríìkì láyé àtijọ́ ṣì kọ Báálì síbẹ̀. Ìtìjú ni bóṣẹ́tì lédè Hébérù. Hóséà 9:10 àti Jeremáyà 11:13 ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pe òrìṣà Báálì, ìyẹn làwọn adàwékọ fi ń yọ Báálì kúrò nínú orúkọ òkú.

Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe, Èṣùbíyìí di Jésùbíyìí, Ifábíyìí di Olúbíyìí. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tàbí ọmọ ẹ̀ ló ń yí i pa dà níbí, orúkọ iyì ni wọ́n sì ń fi dípò. Tàwọn adàwékọ yẹn dà bí ìgbà téèyàn mú Èṣùbíyìí tó wá kọ Ìtìjúbíyìí sílẹ̀ fún un lẹ́yìn tó ti kú. Ó dùn mí gan-an fún ìdílé yẹn.

Ọ̀mọ̀wé kan, Matitiahu Tsevat, jiyàn lọ́dún 1975 pé bóṣẹ́tì inú àwọn orúkọ yìí kì í ṣe ìtìjú, ó so ó mọ́ baštu ti èdè Ákádì, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Mesopotámíà, tó jẹ́ iyì tàbí agbára tó ń ṣọ́ èèyàn. Àlàyé gidi ni, mi ò fojú di í, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ìdí tó fi jẹ́ ibi tí Báálì wà gẹ́lẹ́ ni bóṣẹ́tì ń bọ́ sí.

Ṣé Sọ́ọ̀lù wá ń bọ òrìṣà ni, tí Báálì fi wà nínú orúkọ ọmọ ẹ̀? Rárá o. Olúwa, olóhun, ọkọ, gbogbo ẹ̀ ni báálì ń jẹ́ lédè wọn, àwọn èèyàn sì fi ń pe Ọlọ́run Ísírẹ́lì fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Hóséà 2:16 fi ní wọn ò ní pe òun ní "Báálì mi" mọ́. Àní ará Bẹ́ńjámínì kan wà ní Kíróníkà Kìíní 12:5 tó ń jẹ́ Bealáyà, ìyẹn "Yáwè ni Báálì". Orúkọ yìí pọ̀ nígboro nígbà náà. Lọ́dún 2012 wọ́n rí àfọ́kù ìkòkò ní Khirbet Qeiyafa, ahoro ìlú àtijọ́ kan ní Ísírẹ́lì, wọ́n tò ó pọ̀, Eṣibáálì ọmọ Beda ló wà lára ẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, kì í ṣe ti Bíbélì o, ẹlòmíì ni. Meribáálì náà wà lára àwọn àpáàdì tí wọ́n hú ní Samáríà lọ́dún 1910.

Ẹ dákun, ẹni tó ní Báálì ni baálẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀. Ilẹ̀ wà nínú baálẹ̀, ilé wà nínú baálé. Ti Hébérù, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni ìdí ẹ̀, lẹ́tà ayin tí a ò ní lédè wa ló wà láàárín, kò sí ilẹ̀ kò sí ilé níbẹ̀.

Tá a bá fẹ́ ṣẹ̀dá orúkọ Yorùbá fún wọn, èmi fara mọ́ Ẹniolúwa fún Eṣibáálì, torí "ọkùnrin Báálì" ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé gbà á sí, àwọn kan ní "Báálì wà" ni. Fún Meribu-Báálì, Olúgbèjà ni mo mú wá, torí ríbù ni kéèyàn jà tàbí kó rojọ́. Kíróníkà Kìíní 9:40 tún kọ ọ́ ní Meri-Báálì lẹ́ẹ̀kan o, ẹni tó bá fẹ́ gba ìyẹn lè máa wá orúkọ míì, torí kò sí ìjà nínú ẹ̀ mọ́.