Ọjọ́ kan gbáko n'Ílé-Ifẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Oṣù Kejìlá yìí ni èmi àti bàbá àwọn ìbejì ń bọ̀ nílé, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ ti pé ọdún mọ́kànlá, ilé ìyá mi ní Ìkòròdú nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òpó òkúta gíga tó wà n'Ílé-Ifẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń mú àlejò rìn ní àwọn á wá gbé wa l'Ékòó láago márùn-ún ìdájí, a ó dé Òṣogbo, a ó dé Ifẹ̀, a ó dé ibi omi tó ń dà láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á sì dá wa padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Owó tí wọ́n pè kò kéré. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí kó dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìrẹmọ, London

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ilé. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣe irú ìrìn àjò yẹn ní 2019, ó ṣì ń dùn mí.

Ìrẹmọ n'Ífẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n Èkó ni mo dàgbà sí. Mi ò fẹ́ kó ẹbí sí wàhálà, mo bá kúkú sanwó fún àwọn tó ń gbé àlejò kiri. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ká wa mọ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fún bíi wákàtí mẹ́ta. Ìgbà tí a ó fi kúrò l'Óṣogbo, oòrùn ti yí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ lù ká tó dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ọmọkùnrin tó ń mú wa rìn yọ fóònù, ó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní ká ya fọ́tò ká máa bọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti tì. Ọmọbìnrin mi wo Ọ̀pá náà títí, ó wá bi mí pé, "Dádì, ṣé òpó iná ni?"

Ẹ wo ohun tó mú kí ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ yìí kan náà ni mo ti mú lọ sí British Museum níbí, tó dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀, tó kọ̀ tí kò fẹ́ kúrò. Orí náà wà lára àwọn tí wọ́n bá nínú ilẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ìlú yín nìyí." Ọmọ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo gbé dé ìlú náà gan-an, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé e kúrò níbẹ̀.

Ní 2022 a padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Ìbàdàn la sùn. Láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 85 lọ, ẹ ó gba Aṣéjíré, Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Ẹ dúró ní Ìkirè, ẹ ra dòdò Ìkirè fún àwọn ọmọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀ ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata, tí wọ́n á fi epo pupa dín in títí yóò fi dúdú. Ata rẹ̀ mú gan-an ni, ẹ mú omi dání. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí a fi wọ Ifẹ̀.

Àmọ́ amọ̀nà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ àbúrò bàbá mi obìnrin, ó bá wa rí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ agboolé kan tí kò jìnnà sí ààfin. A dá iye tí a ó san kí ọjọ́ tó pé, kò sí àríyànjiyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kó máa bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, kó rọra sọ ọ́, ibi tí kò bá yé wọn, èmi á túmọ̀ rẹ̀.

Kò kọ́kọ́ mú wa lọ sí ìdí Ọ̀pá. Ìta Yemòó ló mú wa lọ, ó ní kí àwọn ọmọ wo ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé àpáàdì ni wọ́n to sílẹ̀, wọ́n nà wọ́n ró ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, wọ́n tò wọ́n tí ó fi dà bí ẹní tí a hun. Ó sọ ìtàn Lúwoo fún wọn, obìnrin tó jọba n'Ífẹ̀, tí wọ́n ní ó kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, tó sì ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà ìlú. Ọmọbìnrin mi ò mọ̀ rí pé obìnrin ti jẹ Ọọ̀ni. Láti ibẹ̀ lọ, kò fi ẹ̀gbẹ́ bàbá náà sílẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí a wá dé ìdí Ọ̀pá, a jókòó sábẹ́ ibòji. Òkúta akọ ni, ó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, wọ́n sì gbá ìṣó irin wọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ní kí àwọn ọmọ ka ìṣó náà. Wọ́n kà á, wọ́n ṣìṣe, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó rẹ̀ wọ́n ló wá ki ìtàn náà: bí Ọ̀rànmíyàn ṣe sọ fún ará Ifẹ̀ pé bí ogun bá dé kí wọ́n pe òun, bí àwọn kan ṣe mutí yó lọ́jọ́ ọdún tí wọ́n pè é láìsí ogun, tó jáde tí ó ń bẹ́ wọn lórí, kó tó mọ̀ pé ọmọ ara òun lòun ń pa. Ó gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ò ní padà wá mọ́. Ọmọbìnrin mi béèrè pé, "Kí ló dé tí wọ́n pè é nígbà tí kò sí ogun?" Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dáhùn." Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí, ọmọ yẹn ṣì ń tún gbólóhùn náà sọ nílé.

Ìyá Ìbejì, Ifẹ̀ nìkan tó ọjọ́ kan. Ẹ yọ Òṣogbo àti Erin-Ìjẹ̀ṣà kúrò.

Àǹtí Dublin

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ti ọ̀nà ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ẹ ò bá fẹ́ rìn lójú márosẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èbúté Mẹ́tta lọ sí Móníyà n'Íbàdàn. 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò, ó máa ń tó wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì nínú oṣù Kejìlá, ó máa ń tán. Kí ẹnìkan wá fi mọ́tò pàdé yín ní Móníyà, torí ibẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú.

Ẹ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kó tó ku ọjọ́ 10 tí ẹ ó wọ ìlú, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Àwọn ọmọ tí a bí síbí kì í lágbára tó tiwa lórí ibà ẹ̀fọn, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn rẹ̀ kó tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà nìkan ni àwọn ìbejì ní, wọ́n á gba físà. Ní ti owó, ẹ ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ sọ́wọ́. Tíráńsífà lè kọ̀ lásìkò tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù, ẹni tó ń ta omi létí ọ̀nà kò sì ní ṣẹ́ńjì owó ńlá.

Ọmọ Obòkun, Toronto

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbà pé kí wọ́n yọ Erin-Ìjẹ̀ṣà kúrò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò nínú ìrìn àjò. Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju kìlómítà 30 sí 35 lọ. Kí wọ́n wá sùn n'Íléṣà lálẹ́, kí wọ́n jí gun òkè Olúmirin, ibi omi Erin-Ìjẹ̀ṣà yẹn, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìpele méje ni omi náà, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ò ní láti dé òkè pátápátá, ẹni tó bá gun ìkíní àti ìkejì ti rí nǹkan.

Ẹ sì jẹ́ kí amọ̀nà yín sọ fún wọn ìdí tí wọ́n fi ń pe ọba wa n'Íléṣà ní Ọwá Obòkun. Ojú ń dun Odùduwà, wọ́n ní omi òkun ló máa wò ó sàn, Ajíbógun ló rin ìrìn náà tó sì bu omi òkun wá. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ ìyẹn n'Ífẹ̀, tí wọ́n sì dé ìlú ọmọ tó bu òkun lọ́jọ́ kejì, ìtàn náà á wọ̀ wọ́n lára.

Ìyá Ìbejì, Houston

Orí mi wú. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí la máa wọ̀ lọ sí ààfin? Èkejì, bàbá àwọn ìbejì dàgbà nínú ilé pásítọ̀, kò fẹ́ kí ọmọ òun wọ ojúbọ kankan. Mi ò fẹ́ kí a lọ tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìrẹmọ, London

Ìbéèrè kejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí ó ti da ilé ẹlòmíràn rú.

Ìyàwó mi náà ò fẹ́ wọ ojúbọ. Àárọ̀ la ti sọ fún tíṣà, inú rẹ̀ ò bàjẹ́ rárá. Ó ní òun náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi tí ìyàwó mi kò bá fẹ́ wọ̀, ó dúró síta, ẹnìkankan ò bi í ní ìdí. Kò sí ẹni tó máa fipá mú yín kúnlẹ̀ fún òòṣà, ìdí Ọ̀pá àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò sì ní kí ẹ ṣe nǹkan kan ju kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Kí wọ́n má yínmú, kí wọ́n má fi nǹkan onínǹkan ṣe ẹ̀sín, kí wọ́n má sì fi fóònù ya ojúbọ láìgba àyè. Ohun tó lè bí ará Ifẹ̀ nínú kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ọjọ́ kan péré nínú ọdún ni wọn kì í bọ òòṣà n'Ífẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí amọ̀nà wádìí ohun tó ń lọ nílùú kí ẹ tó mú ọjọ́. Ọdún Èdì tí wọ́n fi ń rántí Mọ́remí, akọni obìnrin Ifẹ̀, máa ń bọ́ sí ìparí ọdún, ọdún Ọlọ́jọ́ ní tirẹ̀ á ti kọjá kí ẹ tó dé.

Ní ti ààfin: ìró àti bùbá, kí ẹ wé gèlè tàbí kí ẹ dá ìborùn lórí. Bàbá wọn ní láti ṣí fìlà bí wọ́n bá ní kó ṣí i. Kọ́ ọmọkùnrin ní dídọ̀bálẹ̀ àti ọmọbìnrin ní kíkúnlẹ̀ láti ilé, kí ó má jẹ́ iwájú èèyàn ni wọ́n á ti máa kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ fojú kan Kábíyèsí, ẹ kọ ìwé sí ààfin ṣáájú, ẹ má retí pé ẹ ó kàn dé tí wọ́n á mú yín wọlé.

Ẹ tún mú wọn lọ wo ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì gbé ró ní 2016. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá tíṣà kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀jẹ́ tí Mọ́remí jẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, àti ti ọmọ rẹ̀ Olúorogbo, kí wọ́n tó gbójú sókè wo ère náà.

Ìyá Ìbejì, Houston

Mo ti dá iléeṣẹ́ yẹn lóhùn pé a ò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àǹtí yín bóyá bàbá tíṣà ṣì ń mú èèyàn rìn. Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni a fẹ́, a ó ti sùn n'Íbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ Ìrẹmọ, London

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán. Bàbá wà, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún díẹ̀, kò ní lè rin ìrìn ẹsẹ̀ tó jìnnà. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró tì yín jálẹ̀ ọjọ́. Ó ní kí n bi yín bóyá àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi alaalẹ́ kọ́ wọn láti òní lọ. Táíwò ti ń bi mí pé ìṣó mélòó ló wà lára Ọ̀pá. Mo ní kó lọ kà á.