MBA pẹ̀lú CGPA tó kéré: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣé gbogbo yín. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ẹni tó ní CGPA (àròpín máàkì yunifásítì) 2.6 nínú 5 lè rí MBA (oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣòwò) wọ̀ lókè òkun. Ó ṣeé ṣe.

Ẹ má fọwọ́ ara yín yí CGPA yín sí òṣùwọ̀n 4 o. Bó ṣe wà lórí transcript (ìwé èsì yunifásítì yín) ni kí ẹ kọ ọ́, torí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ á fi méjèèjì wéra. GMAT, ìdánwò ìwọlé fún MBA, lè gbeni gan-an: apá 3, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì láti 205 dé 805. Quant, apá ìṣirò rẹ̀, ni kí ẹ dojú kọ, pàápàá bí ẹ bá ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é nílé ní Òṣogbo, inverter kì í ṣe fáàrí, kí iná má baà lọ láàárín ìdánwò.

Nínú àròkọ àfikún tó wà nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé, ẹ sọ ohun tó fa máàkì wálẹ̀ ní gbólóhùn 2, kí ẹ wá sọ ohun tó ti yàtọ̀. Ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ sì tètè béèrè transcript, ó máa ń pẹ́.